Ìṣẹ́jú Kan fún Bọ̀dá Káyọ̀dé

Ọdún tí àrá sán pa Kòsí lórí tẹlifíṣọ̀n ni ọdún tí mò ń rántí yìí. Eyín iwájú mi kan ti yọ, èkejì ń mì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí láyè kí n máa gbé ike omi tèmi gun àtẹ̀gùn láìsí ẹni tó ń tẹ̀lé mi. Fúláàtì wa wà ní òkè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Festac, níbi tí ariwo gbogbo àdúgbò ti máa ń wá bá èèyàn lórí ibùsùn. Sípíkà mọ́ṣáláṣí ni yóò kọ́kọ́ jí wa. Kí Ààfáà Ràsákì tó pe ìrun tán, Pásítọ̀ Ìdòwú tó ń gbé nísàlẹ̀ wa yóò ti yọ sí bákónì pẹ̀lú sípíkà tirẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa lé ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lẹ́yìn wọn ni sítóòfù Mọ́mì, tí yóò kọ́kọ́ húkọ́ kó tó jó, lẹ́yìn náà ni Ìyá Lúkù tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa fi irin lu dírọ́ọ̀mù kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé òun ti dé. Títí dòní, bí mo bá sùn sí ibi tó dákẹ́ jù, oorun náà kì í dùn mọ́ mi.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò Mọ́mì, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Dádì ti fi pákó dí bákónì ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì di yàrá fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agboju, ṣùgbọ́n ilé wa náà kò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀hún: ìfun rédíò wà lórí fìríìjì, ojú tẹlifíṣọ̀n wà lábẹ́ àga, òórùn òjé jíjó sì máa ń bá òórùn ọbẹ̀ jà ní pálọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun nìkan ni àgbàlagbà tí mo lè bi léèrè pé kí ló dé tí àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n kì í rí wa, kó má lé mi lọ fọ abọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá a fà nínú ilé: kò gbà pé Ọlọ́run wà. Kì í pariwo rẹ̀ o. Kì í bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Bí Mọ́mì bá ní kó gbàdúrà sí oúnjẹ, á ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà iná," á sì bu òkèlè. Ó dá Mọ́mì lójú pé iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Ó ní ọmọ náà gba Ọlọ́run gbọ́ dáadáa nílé, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí iná ń gbé e lójoojúmọ́.

Wọn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Mọ́mì a máa bu omi tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú omi tútù rẹ̀ nínú fìríìjì. Ìyá Lúkù, tí òun jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, gbé tirẹ̀ wá nínú ìgò, ó ní tòun lágbára jù. Ìyàwó Ààfáà náà fi hàntú ránṣẹ́, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n po gbogbo rẹ̀ pọ̀, èmi náà a sì tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé a mu ún tán, á nu ẹnu, á ní, "Bùsọ́lá, omi ilé yìí kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán," á sì ní kí n lọ bu òmíràn wá. Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Nígbà tí mo dàgbà ló sọ fún mi pé nínú gbogbo omi tí òun ti mu láyé, kò sí èyí tí wọ́n fi ìfẹ́ pò bí ìyẹn.

Ìṣòro rẹ̀ gan-an ni Kòsí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, eré Yorùbá kan wà tí gbogbo Festac máa ń wò, Kòsí sì ni ọkùnrin inú eré náà tó máa ń sọ pé kò sí Ọlọ́run. Kò sí ìwà ìkà tí wọn kò gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ta wúrà ìyàwó rẹ̀, ó lé ìyá rẹ̀ jáde sínú òjò, ó ta abọ́ afọ́jú nípàá lójú títì. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí ìyà má jẹ ẹ́: ejò á bù ú ṣán, á já sí kànga, á ya wèrè débi pé á máa bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ara rẹ̀ á tún ti yá, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú wa a máa dùn ṣìnkìn. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni tiwa, èyí tí Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣà jọ láti ara òkú tẹlifíṣọ̀n àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà pálọ̀ wa ni gbogbo ilé máa ń rọ́ wá. A ó jókòó sórí àga, sórí ilẹ̀, sórí ara wa, ẹ̀pà yíyan àti gààrì tútù á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní ni pé Bọ̀dá Káyọ̀dé ló máa ń di òpó àǹtẹ́nà mú ní bákónì kí àwòrán lè dúró. Wọ́n á máa ké sí i láti inú ilé pé, "Káyọ̀dé, yí i sí ọ̀nà Agboju díẹ̀. Ó ti lọ. Dá a padà sí Satellite. Ẹ̀n-ẹ́n, ó dára, má mira mọ́, ejò ti fẹ́ bù ú ṣán." Bọ̀dá á dúró gbọn-in láàárín ẹ̀fọn, kí wọ́n lè ráyè wo bí ìyà ṣe ń jẹ ẹni bíi tirẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bọ̀dá Kòsí. Àwa ọmọdé la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu wa. Obìnrin kan wá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìtíì ṣe tán, ó ní òun kò fẹ́ kí àrá tó ń wá Kòsí kiri ṣèèṣì bá nǹkan òun níbẹ̀. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èyí tí kò rẹ́rìn-ín sí ni ọ̀rọ̀ Àǹtí Rísí. Àǹtí Rísí ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ mú bíi síṣọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti gbà láti fẹ́ ara wọn. Bàbá rẹ̀ ni Alhaji, ọmọ onílẹ̀ ní Amuwo, tó ní ilé tó pọ̀, tí orúnkún ń dùn ún. Nígbà tí Dádì àti Mọ́mì lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo ru apẹ̀rẹ̀ ọsàn tẹ̀lé wọn, etí mi ni mo sì fi gbọ́ èsì tó fún wọn.

Alhaji ní, "Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, à bá ti parí ẹ̀. Bó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, a ti fún Kìrìsìtẹ́nì lọ́mọ rí nílé yìí. Wọ́n ń jẹ ẹran Iléyá wa, à ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì wọn. Ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan, ọdún wo ni mo fẹ́ lọ kí i?"

Dádì ní ọmọ dáadáa ni Káyọ̀dé. Alhaji mi orí. "Mo ti rí nǹkan tí irú wọn máa ń fi ìyàwó ṣe. Ojú mi ni mo fi rí i."

"Níbo lẹ ti rí i, sà?"

"Lórí tẹlifíṣọ̀n."

Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn: ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Mazamaza ní ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó. Bí Iléyá bá fi lè dé tí ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé kò tíì yé òun, ibẹ̀ ni òun máa fi Rísíkátù sí. Nígbà tí a padà dé ẹ̀bá ilé, Mọ́mì ní, "Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà ni wọ́n fi ń wé ẹni tó lé ìyá ẹ̀ jáde nínú òjò." Èmi kò tíì rí kí Mọ́mì sunkún rí àfi ọjọ́ náà.

Ìyẹn ló sọ Bọ̀dá Káyọ̀dé di oníjà. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan pé àwọn eléré ń ba àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lórúkọ jẹ́, wọ́n sì gbé e jáde. Lọ́sẹ̀ kejì Pásítọ̀ Ìdòwú fèsì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e Ààfáà Ràsákì fèsì. Kó tó di ìparí oṣù, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi tàbí tí wọ́n ti ń ra kẹrosíìnì ní àdúgbò wa tí wọn kò ti jiyàn ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ti fẹ́ lu ara wọn. Dádì, alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò, ẹni tó fẹ́ràn àjẹ́ńdà ìpàdé ju ẹran lọ, ní kí wọ́n wá jiyàn ọ̀hún létòlétò ní họ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé kan kí Iléyá tó dé. Alhaji gbà láti jókòó síwájú. Àǹtí Rísí sì ṣe ètò tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó mọ ọkùnrin tó ń ṣe Kòsí gan-an: díákónì ni, Satellite Town ló ń gbé, kò sí èèyàn pẹ̀lẹ́ bíi tirẹ̀. Àwọn aláta ní ọjà Agboju kì í tajà fún un. Bó bá ti fọwọ́ kan tòmátì, wọ́n á ní kó lọ wá ìyá rẹ̀ nínú òjò ná. Àǹtí Rísí, tó máa ń rán aṣọ fún un, ló ń bá a ra ata, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ fún àwọn èèyàn pé eré ni eré ń jẹ́.

Bí Ọlọ́run tàbí ẹni yòówù ṣe fẹ́ ẹ, Àìkú tó ṣáájú Sátidé náà ni àrá sán pa Kòsí. Ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú, èéfín bo gbogbo rẹ̀, fìlà Kòsí nìkan ló kù nílẹ̀. Ìyá Lúkù pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, ó dìde jó yí pálọ̀ wa ká. Bọ̀dá Káyọ̀dé yọ orí láti bákónì, òpó àǹtẹ́nà lọ́wọ́, ó béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá Lúkù ní, "O ti kú."

Ọ̀rọ̀ àdúrà ló kọ́kọ́ dá Dádì láàmú. Kò sí ìpàdé kan lágbègbè wa tí wọn kì í fi àdúrà ṣí, kí wọ́n sì fi àdúrà pa dé, bí Mùsùlùmí bá sì ṣí i, Kìrìsìtẹ́nì ló gbọ́dọ̀ pa á dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà dé. "Ààfáà á ṣí i," Dádì sọ lórí tábìlì oúnjẹ, "Pásítọ̀ á pa á dé. Káyọ̀dé ńkọ́? Wọ́n á ní mo rẹ́ ẹ jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ nǹkan kan," ni Bọ̀dá wí.

Dádì ronú títí èbà rẹ̀ fi tutù. Ó wá ní, "Kò burú. A ó fún ẹ ní ìṣẹ́jú kan tí kò ní sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Gbogbo wa á dìde, a ó dákẹ́. Kí Pásítọ̀ tó gbàdúrà." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí Mọ́mì fún un ní ẹran sí i.

Lọ́jọ́ náà, họ́ọ̀lù kún débi pé àwọn èèyàn ń ti ojú fèrèsé wò wá. Mọ́mì wà nílé, ó ń dín ẹja tí wọ́n máa fi ṣe àlejò. Èmi ni Dádì fi ṣe ẹni tó ń ṣọ́ àkókò. Ó gbé aago orí tábìlì rẹ̀ síwájú mi, ó fún mi ní agogo ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó ní, "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má kúrò nídìí ẹ̀, má lu agogo títí àkókò á fi pé." Mo gbéra ga. Ààfáà ṣí ìpàdé, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pásítọ̀, àwọn tí wọ́n ti ń fi sípíkà bá ara wọn jà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wá ń sọ̀rọ̀ sétí ara wọn bíi tọkọtaya. Bọ̀dá Káyọ̀dé dá jókòó sídìí tábìlì kejì. Ó ti wọ kóòtù Dádì, apá rẹ̀ gùn jù ú lọ.

Ó ní, "Nínú eré yẹn, olè sunkún, wọ́n dárí jì í. Alágbèrè sunkún, wọ́n dárí jì í. Èmi nìkan ni wọn kì í dárí jì. Mi ò ní kí wọ́n sọ Kòsí di ẹni mímọ́. Mo kàn fẹ́ kó ra búrẹ́dì fún ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan péré."

Pásítọ̀ dìde. "Eré ẹ̀kọ́ ni, arákùnrin. Bí Kòsí bá ń ra búrẹ́dì fún ìyá ẹ̀, ta ló máa bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́?" Họ́ọ̀lù hó yèè. Ààfáà tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Káyọ̀dé, eré ni, má jẹ́ kó ká ẹ lára. Gbogbo ìyálé ló burú nínú eré. Ṣé o ti rí ìyálé kan tó torí ẹ̀ pe ìpàdé?"

Obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ẹ ò pè wá ni, Ààfáà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wá." Gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá kan tó jókòó sẹ́yìn ní àwọn náà kì í sinmi nínú eré, pé ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fi àwọn hàn bí ẹni tó ń gba owó lójú ọ̀nà. Èrò ní kó jókòó, pé tiẹ̀ kì í ṣe eré. Mo lu agogo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìgbà náà ni Bọ̀dá Káyọ̀dé kọjú sí Alhaji.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà. Nínú eré kan náà, lánlọ́ọ̀dù ká páànù kúrò lórí yàrá aboyún nígbà òjò. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi kẹ̀?" Alhaji ti dìde kó tó mọ̀, ó gbàgbé orúnkún. "Èmi tí ayálégbé ń lé jáde nínú ilé tí mo fowó mi kọ́? Èmi tí mò ń wọlé ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa bú mi? Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ nílé pé àwọn eléré yìí ò mọ ohun tí ojú onílé ń rí." Ẹ̀rín tún ta. Alhaji wo Bọ̀dá Káyọ̀dé fún ìgbà díẹ̀, ó rọra jókòó, ó fa fìlà rẹ̀ sókè, ó tún fà á sílẹ̀. Mo rí i tí Àǹtí Rísí di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni Dádì ti ṣàṣìṣe. Ó dìde, ó ní ó dun òun pé àlejò pàtàkì tí wọ́n ń retí, ẹni tó ń ṣe Kòsí nínú eré, kò rí ààyè dé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Kò tíì mí tán tó fi tún ní kí gbogbo wa dìde, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó ṣàlàyé pé ìpín Káyọ̀dé ni. Ó gbàgbé. Gbogbo èèyàn sì mọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ ní kí èrò dìde kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Láti ẹ̀yìn, ohùn Ìyá Lúkù jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí pé a ń dákẹ́. Ó ro ó fúnra rẹ̀. "Kòsí ni? Àrá yẹn, ṣé òótọ́ ni?" Ó ká ọwọ́ lérí. "Mo pàtẹ́wọ́ o. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí àrá ń pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó bú sẹ́kún, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á, ó di ti gbogbo họ́ọ̀lù. Pásítọ̀ di ojú, ó ń gbàdúrà pé kí ọkàn Kòsí sinmi, Ààfáà náà ń ṣe tirẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Dádì ń ju ọwọ́ síbí, ó ń jù ú sọ́hùn-ún pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ pè. Èmi ń wo ọwọ́ aago.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé díákónì ti wà lójú ọ̀nà látàárọ̀. Satellite Town ló ti ń bọ̀, gbogbo awakọ̀ tó dá dúró ló dá a mọ̀, wọ́n sì ní ẹni tí àrá ń wá kiri kò lè jókòó ti àwọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, onílọ́rì kan tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé gbà kó gun orí ẹrù òun, sìmẹ́ǹtì sì ni ẹrù náà. Ni ilẹ̀kùn họ́ọ̀lù bá ṣí. Kòsí dúró síbẹ̀, ó funfun láti fìlà dé bàtà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa, ó ní, "Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Èmi kò tíì rí irú eré tí àwọn àgbà sá lọ́jọ́ náà rí. Òun ló dí ẹnu ọ̀nà, nítorí náà ojú fèrèsé ni gbogbo ayé gbà. Pásítọ̀ ti Ààfáà sókè, Ààfáà fa Pásítọ̀ jáde, wọ́n di ara wọn mú bíi pé ìyá kan ló bí wọn. Dádì bá wọn lọ pẹ̀lú àjẹ́ńdà lọ́wọ́. Agbádá Alhaji há sáàárín àga onírin, ó ṣubú lulẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì fò ó kọjá. Àǹtí Rísí nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì wúlò, nítorí pé ẹ̀rín ti gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dìde. Èmi jókòó. Ìṣẹ́jú náà kò tíì pé.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ká apá kóòtù rẹ̀, ó lọ yọ agbádá náà kúrò lára àga, ó kúnlẹ̀, ó gbé Alhaji sọ́wọ́. Alhaji di ojú, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ṣé òkú ni?"

"Rárá, sà. Sìmẹ́ǹtì ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Kí ló dé tí o ò sá?"

Bọ̀dá ní, "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, sà. Ẹ̀yin ni mo rí nílẹ̀."

Ìṣẹ́jú pé, mo lu agogo. Alhaji ta gìrì, ó tún rọ̀ mọ́ ọn. Díákónì ti sún mọ́ wa nígbà náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, sìmẹ́ǹtì dà sílẹ̀ lára rẹ̀, kí a tó lè dá a dúró ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà gígùn tó ń fi ikọ́ sáàárín, fún orúnkún Alhaji, fún àwọn tó sá, àti fún awakọ̀ tó gbé e. Alhaji la ojú kan, ó ń ṣe àmín, ó ń wò ó. Nígbà tí ó parí, Alhaji mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó lé ìyá ẹ̀ sínú òjò ló ń gbàdúrà fún mi. Ẹni tí kì í gbàdúrà ló gbé mi nílẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo rán ní ilé kéwú fò mí kọjá. Mi ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́." Ó tẹjú mọ́ Bọ̀dá. "Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó àwọn èèyàn ẹ wá sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé mo ṣubú yìí, kò gbọdọ̀ dé ibì kankan." Alhaji ti kú báyìí, mo lè sọ ọ́.

A ṣe ìgbéyàwó náà kí Iléyá tó dé, a jẹun títí inú fi ń run wá. Alhaji sì wá rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ ọdún tí kò mọ èyí tó máa fi kí àna rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí àkókò Sátidé yẹn bá ti yí po, yóò gbé adìẹ láàyè lọ sílé wọn, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Káyọ̀dé, ẹ kú ọdún Sìmẹ́ǹtì." Díákónì náà bẹ àwọn tó ń kọ eré. Wọ́n jí Kòsí dìde, kò ṣòro fún wọn, ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan ó sì ra búrẹ́dì lọ fún ìyá rẹ̀. Ejò bù ú ṣán bó ṣe ń jáde, ṣùgbọ́n ó rà á. Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó ti wá kí wa, tó sì ti gba òpó àǹtẹ́nà rẹ̀ padà, yọjú láti bákónì, ó ní, "Ó rà á?" A ní ó rà á. Ó ní, "Ṣé ó tóbi?" Mọ́mì ní ó tóbi dáadáa, ó sì fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

Lọ́dún tó kọjá ni Bọ̀dá Káyọ̀dé kú. Ó ti sọ fún wọn kí wọ́n má bá ara wọn jà lórí òun, kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà gbà á. Ààfáà kan fi àdúrà ṣí ìsìnkú náà, Pásítọ̀ kan dúró láti pa á dé. Àǹtí Rísí, tí irun rẹ̀ ti funfun gbòò, gbé ọwọ́ sókè pé ó ku ìpín Káyọ̀dé. Ó yọ agogo kan nínú báàgì, ó nà án sí mi. Gbogbo wa dìde. A dákẹ́, ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì níbi ilẹ̀ ìsìnkú náà. Láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n gbé àga sí fún àwọn arúgbó, ohùn Ìyá Lúkù jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló kú?"

Èjìká Àǹtí Rísí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo sún mọ́ ọn láti dì í mú. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn gan-an ni, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò lè dúró, kò lè sọ̀rọ̀, títí tó fi rí ohùn yọ. Ó ní, "Òun ni, Ìyá Lúkù. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín lẹ́bàá pósí rẹ̀. Ìṣẹ́jú náà ti pé, ó tilẹ̀ ti kọjá. N kò lu agogo.